Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí Sodam Kò Kọ

"Jókòó kọ ọ́ kó tán," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Tak, ọ̀gá láàbù, wí, ó sì ti bébà funfun kan síwájú Sodam. "Ọ̀rọ̀ ṣókí ni. Pé o ṣẹ̀, pé o ò ní í ṣe irú ẹ̀ mọ́, kí ìgbìmọ̀ ṣàánú ẹ. Èmi náà á bá wọn sọ̀rọ̀. Bóyá wọn ò tiẹ̀ ní lé ẹ."

"Ṣùgbọ́n n ò ṣẹ̀, sà."

"Ta ló ń bi ẹ́ bóyá o ṣẹ̀?" Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀ yẹn. Orúkọ láàbù wa ni mò ń rò."

Sodam di kálámù mú. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé nídìí oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan ní Jeonju, nílẹ̀ Kòríà. Meju ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lé: ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè, tí wọ́n gún, tí wọ́n mọ bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n wá fi koríko ìrẹsì gbígbẹ so rọ̀ títí yóò fi bu dáadáa, kí ó tó di ohun tí à ń fi sebẹ̀. Sodam rí i pé meju tí òun bá fi koríko àwọn abúlé orí òkè so kì í korò. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tak sì fi yangàn káàkiri. Àfi bí Pyo, àgbà akẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo wọn ń pè ní ẹ̀gbọ́n ní láàbù, ṣe tún iṣẹ́ náà ṣe tí meju rẹ̀ korò bí jogbo. Ó tún un ṣe, ó tún korò. Ni wọ́n bá ní a jẹ́ pé ńṣe ni Sodam jókòó sílé tó hùmọ̀ èsì.

Èyí tó dùn ún jù ni pé wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tí Pyo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nípàdé láàbù, Sodam dìde, ó tẹrí ba débi pé irun rẹ̀ kan tábìlì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo kó ìyọnu bá yín." Kí ni ọmọ tí a kọ́ nílé ì bá tún wí? Lọ́dọ̀ wa níbí, bí ojú àgbà bá ti le, ọmọdé á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà ná, kí a tó wá wádìí ẹni tó jẹ̀bi. Àfi ìgbà tí ìwé ìpè dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìbáwí yunifásítì, tí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti gbà pé òun ṣẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àbùkù!

Sodam gbé kálámù kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó, sà."

"Rò ó kíá," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Tak wí. "Má jẹ́ kí n wá ẹ o."

Kò rò ó rárá. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé, lókè ilé oúnjẹ, ló gbà lọ tààrà. Haeyoung ló bá níbẹ̀, obìnrin alárìíyá kan tó ń kàwé òfin, tó máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn dúró. Kimbap, ìrẹsì tí wọ́n fi ewé inú òkun wé, ló ń jẹ, ẹnu rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó yára gbé e mì.

"Ṣé o ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn?"

"N ò tíì kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Orí ẹ bá ẹ ṣe é! Ká ní o kọ ọ́, ta ló máa yọ ẹ́? Ẹ̀sùn náà ńkọ́, ṣé wọ́n ti fún ẹ kà?"

"Rárá. Ẹnu Ẹ̀gbọ́n Pyo ni mo ti gbọ́ ọ."

"Wò ó, àbúrò. O lẹ́tọ̀ọ́ láti ka ẹ̀sùn náà látòkèdélẹ̀. O lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ẹnìkan dání wọlé, èmi sì nìyẹn. O tún lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ẹni tó fẹ̀sùn kàn ẹ́ ní ìbéèrè. Wọn ò ní sọ ọ́ fún ẹ bí o ò bá béèrè."

"Kí n bi Ẹ̀gbọ́n Pyo ní ìbéèrè? Lójú gbogbo ayé? Èmi tí mo máa ń po kọfí fún un!"

"Ó dáa náà. Po kọfí fún un kó o tó bi í. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Sodam rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. "Kí wá ni kí n bi í?"

"Èmi? Òfin ni mo kọ́ o, bóyá igi ni wọ́n fi ń ṣe meju, n ò mọ̀. Kí lo ti ń fẹ́ bi í látọjọ́ yìí tí ẹ̀rù ò jẹ́ kó o bi í?"

Sodam mọ̀ ọ́n. Látìgbà tí meju Pyo ti korò ló ti ń wu Sodam láti mọ bó ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n ní láàbù wọn, àbúrò kì í yẹ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n wò.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Seonu, obìnrin kan láti ẹ̀ka mìíràn, ló ṣe alága, àgbà ọkùnrin méjì sì jókòó tì í. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Tak ṣe rí Haeyoung, ó fajú ro.

"Ta nìyí? Ọ̀rọ̀ inú ilé wa ni èyí o."

"Ọ̀rọ̀ inú ilé yín ti dé ìta látìgbà tẹ́ ẹ ti pe ìgbìmọ̀, sà," ni Haeyoung dáhùn, ó sì rọra jókòó.

"Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbí," ni alága wí. Ó yíjú sí Sodam. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé o ti jẹ́wọ́."

"N ò jẹ́wọ́, mà. Gáfárà ni mo tọrọ. Bí ẹnìkan bá tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ṣé ẹ̀yin tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ náà kì í sọ pé ẹ má bínú?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín. Alága ní kí Sodam máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Sodam kojú sí Pyo, tó jókòó sí òdìkejì tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi so meju yín?"

"Koríko. Abúlé tó o kọ sílẹ̀ ni mo ti lọ kó o, fúnra mi."

"Kí lẹ ṣe sí koríko náà kẹ́ ẹ tó fi so ó?"

Pyo pòṣé. "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? A sè é nínú ẹ̀rọ ooru kí gbogbo kòkòrò ara ẹ̀ kú. Kí ló máa wọ yàrá wa tá ò ní kọ́kọ́ sè? Ṣé ìdọ̀tí ni kí n kó wọlé ni?"

"Ẹ se koríko meju?" Àgbà tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ló pariwo bẹ́ẹ̀.

"Mo rò pé oje koríko ló ń mú ìkorò kúrò," ni Pyo wí, ohùn rẹ̀ ti ń wálẹ̀.

"Èmi rò pé kòkòrò tín-tìn-tín tó ń gbé lára ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti sè wọ́n pa." Sodam mí kanlẹ̀. "Koríko nìkan ni mo kọ sílẹ̀, n ò kọ ọ́ pé kí wọ́n má sè é. Àṣìṣe mi nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kì í ṣe irọ́. Ẹ jẹ́ kí àwa méjèèjì tún un ṣe lójú yín."

Ìgbìmọ̀ gbà. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ sí láàbù mìíràn, wọ́n ní kí Pyo se koríko tirẹ̀, kí Sodam má se tirẹ̀, àwọn tí kò mọ ẹnìkankan nínú wọn ló sì ń ṣọ́ ọ. Òtútù mú, meju gbẹ, ó bu. Lọ́jọ́ tí wọ́n pò ó mọ́mi tọ́ wò, ti Pyo mú kí alága fún ojú pọ̀. Ti Sodam ńkọ́? Àgbà oníkọ́ yẹn tọ́ ọ wò, ó tún ti ṣíbí bọ̀ ọ́, ó ní òun fẹ́ kí ó dá òun lójú. Haeyoung fò sókè láìbìkítà ẹni tó ń wò ó. Wọ́n dá Sodam láre pátápátá, wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ yẹn rẹ́ kúrò nínú ìwé.

"Ó ti tán," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Tak wí. "Gbogbo láàbù, ẹ jẹ́ ká lọ jẹran, ká gbàgbé ẹ̀."

Wọ́n jókòó yí ààrò ká, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì ń ta lórí iná. Ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yí ẹran wà níwájú Sodam, torí àbúrò ló ń yan ẹran fún àgbà. Kò fọwọ́ kàn án.

"Kí n tó jẹun, sà," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n, "ojú gbogbo àwọn tó wà níbí ni wọ́n ti pè mí ní òpùrọ́. Ojú gbogbo wọn náà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti sọ pé n kì í ṣe òpùrọ́."

Pyo ló kọ́kọ́ dìde, ojú tì í gan-an. "Ó yẹ kí n bi ẹ́ kí n tó fẹjọ́ ẹ sùn. Má bínú, Sodam."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tak gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá gbé ojú sókè. "Sodam ò purọ́," ó ní, kedere. "Èmi ni mo gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ìwà àgbà òṣìkà ni."

Ó na ọwọ́, ó mú ẹ̀mú. Àwọn ọmọ láàbù fò dìde, "Ẹ jẹ́ ká bá yín ṣe é, sà!" Ó mi orí. Òun fúnra rẹ̀ ló yí ẹran náà, ló gé e, ló sì gbé èyí tó kọ́kọ́ jinná sínú abọ́ Sodam.

"Ó jó díẹ̀," ni ó wí.

"Kò burú, sà." Sodam jẹ ẹ́ tán, ó lá ètè, ó sì na abọ́ rẹ̀ síwájú. "Ẹ tún fún mi sí i."