Iná Pupa Lára Àpótí Volkmar

Ó tún pọ́n. Iná ara àpótí ìdarí yìí tún pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Kí ni mo ṣe fún ọ gan-an? Wáyà pupa wà lára irin ọ̀tún. Wáyà dúdú wà lára irin òsì. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún un yẹ̀ wò... "Ìyá, ẹ ṣáà má jẹ́ kí pupa àti dúdú fara kanra." Bí Nägele tó ń ta ọkọ̀ ojú irin ìṣeré kéékèèké ṣe wí nìyẹn, tó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Wọn ò kanra, Nägele. Ta ló wá kanra?

Wọn ò ní pẹ́ dé. Gudrun ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọkọ rẹ̀ — ẹ̀gbọ́n mi, Volkmar, àgbàlagbà tó gun igi ṣẹ́rì bí ọ̀bọ, tó já bọ́ bí àpò ọ̀dùnkún. Apá méjèèjì kán. Àpótí tó fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún ara rẹ̀ wá jókòó sínú páálí, kò lè tú u. Èmi náà la ẹnu gbàgà nídìí kéèkì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Hàà, ẹ̀rín tó rín! "Irmela? Ìwọ tí o ń pe oníṣẹ́ iná wá tún gílóòbù ṣe? Bí ọkọ̀ méjì bá fi lè rìn lójú irin kan, tí ìkan ò tẹ̀lé ìkejì, má pè mí ní Volkmar mọ́."

Wọ́n lè rìn, ṣebí ohun tó dùn níbẹ̀ nìyẹn! Láyé bàbá wa, bí iná bá ti wọ irin, gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ń gbéra. Ti ìsinsìnyí, iná wà lójú irin ṣáá, àṣẹ ló ń bá iná rìn. Ọkọ̀ nọ́ńbà mẹ́ta, ó yá. Nọ́ńbà méje, dúró síbẹ̀. Kálukú ń gbọ́ ti ẹ̀. Ilé tiwa kọ́... bàbá á pe Volkmar wá wa ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sáré dé abẹ́ ilé yìí. Bàbá á ní: "Irmela, má fọwọ́ kàn án, wàá bà á jẹ́." Mo sì máa ń —

Rárá. Ojú irin ni mò ń wò.

Bí mo bá yọ pẹ́lẹ́bẹ́ irin tó gbẹ̀yìn yìí... iná di àwọ̀ ewé. Mo dá a padà... pupa. Ẹ wò ó! Ibí ni ẹlẹ́bi wà. Ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́rí, tó yípo, tó tún padà bá ara rẹ̀, kí ọkọ̀ lè kọjú sílé. Ẹ jẹ́ kí n fi ìka tẹ̀lé irin òsì. Ó kọjá ibùdókọ̀. Ó gba abẹ́ òkè oníbébà. Ó wọ ibi yípo náà, ó ń yí, ó ń yí, ó dé...

Ó dé sí ọ̀tún.

Òsì ló lọ, ọ̀tún ló dé! Yéè! Ara rẹ̀ ló padà wá gbá mú. Kò sí wáyà tí mo fi sódì. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló pa pupa àti dúdú pọ̀. Màá gé ibi yípo náà sọ́tọ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, àpótí kékeré kan ṣì wà tó ń pààrọ̀ iná ọ̀tún sí òsì fún irú rẹ̀, Nägele á tà á fún mi lọ́la. Lónìí, pẹ́lẹ́bẹ́ yìí á gbélẹ̀. Kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n máa bọ̀. Ó tó.

Ìró mọ́tò nìyẹn níta. Gudrun ń wá ibi tí yóò gbé e sí... Ọlọ́run, jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Jẹ́ kí aládùúgbò dá wọn dúró, kí wọ́n kí ara wọn títí á fi sú wọn... Kí ló dé? Ṣebí torí rẹ̀ ni mo ṣe ń làágùn láti àárọ̀? Ṣebí torí apá rẹ̀ ni?

Irọ́ ni. Irọ́ gbuu. Àtàǹpàkò mi ti wà lórí bọ́tìnnì, mo ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan bí wèrè. Ọgọ́ta ọdún ó lé ni mo ti ń fẹ́ wa ọkọ̀ yìí.