Orí Ìwé Tí Tẹlifíṣọ̀n Fò

Ní ọdún 1988, àwa mẹ́sàn-án péré là ń kọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé wa ní Wuse. Nítorí pé a kò pọ̀, yàrá tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ń lò ni wọ́n fún wa, a sì máa ń gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lórí bẹ́ǹṣì kí a tó jókòó. Èmi Ìdáyátù ni mo lẹ́nu jù nínú wa, èmi náà ni n kì í kàwé. Láti kékeré ni bàbá mi tó ń ṣe bíríkìlà ti kó wa wá sí Abuja. Mo ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí i nínú ìwé báyìí, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí.

Ìwé ìtàn tí à ń kà lọ́dún náà dá lórí ọmọkùnrin kan, Abíọ́nà, tó bú bàbá rẹ̀ lójú àlejò, tó sá kúrò nílé lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tó wá fẹ́ padà sílé nígbà tó gbọ́n. Wọ́n ti fi ìtàn náà ṣe eré lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá, olùkọ́ wa, ní kí a wo eré náà, kí a ka ìwé náà, kí a wá sọ ohun tí wọ́n yí padà. Mo wo eré náà tán pátá nílé aládùúgbò wa. Ìwé ńkọ́? Mo fi ṣe ìrọ̀rí.

Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ béèrè bí ìtàn náà ṣe parí. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde.

“Sà, Abíọ́nà wa mọ́tò dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kí bàbá òun má bínú, bàbá dì mọ́ ọn, ó tán. Ti tẹlifíṣọ̀n dáa ju ti ìwé lọ, sà. Ìwé yẹn ti fà jù.”

“O ti kà á?”

“Mo ti kà á tán, sà.”

“Nínú ìwé, ta ló kọ́kọ́ wọlé tọ bàbá náà lọ?”

“Abíọ́nà náà ni, sà.”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá kò rẹ́rìn-ín, kò sì pariwo. Ó ní kí n jáde, kí n má padà wá títí n ó fi ka ìwé náà. Ó fi kún un pé ọjọ́ Ẹtì lòun máa fi orúkọ àwọn tó máa ṣe Yorùbá nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá ránṣẹ́, ẹni tí kò bá sí ní kíláàsì òun kò ní sí níbẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Láìsí Yorùbá, iṣẹ́ tó kù kò lè gbé mi wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo ń lé.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ka ìwé náà, tí mò ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó dùn, n kò ní purọ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo lọ kúnlẹ̀ fún olùkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Mo ti kà á.”

“O ò tíì kà á.”

“Mo ti kà á, sà. Mo kà á dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn.”

“Lọ tún un kà, Ìdáyátù.” Ó wọlé lọ.

Inú bí mi. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mo ṣí orí tó gbẹ̀yìn, mo ń kà á bí ẹni ń wá ẹ̀sùn. Nínú ìwé, Abíọ́nà dé ìlú, kò yà sílé wọn. Ilé Òjó, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ló sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Òjó ló ṣíwájú, tó wọlé, tó ṣí fìlà, tó bẹ̀bẹ̀. Abíọ́nà dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò la ẹnu títí wọ́n fi ní kó sọ̀rọ̀. Odindi ojú ewé mẹ́rìnlá ni tẹlifíṣọ̀n fò. Èmi náà sì kà á tán, mo tún fi ẹnu ara mi lọ bẹ ẹni tí mo ṣẹ̀. Ojú tì mí fún ara mi.

Bàbá Jàbárù, ará Ìlọrin tó ń ṣọ́ géètì, ti ń wò mí.

“Kai, ọmọ yìí, ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Mo ṣẹ tíṣà wa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.” Mo rò ó fún un látòkè délẹ̀.

“O purọ́ fún un, o tún bú ìwé ẹ̀,” ó ní. “O kú iṣẹ́.”

Ó wá fìlà rẹ̀, ó fi ṣéènì so géètì, ó ní ẹni tó bá dé á dúró. Òun ló ṣíwájú, mo tẹ̀ lé e. Ní kíláàsì, mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣí fìlà.

“Tíṣà, sànnu o. Ọmọ yìí jẹ̀bi, kò lẹ́jọ́ tó fẹ́ rò. Ẹ mọ̀ pé ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Tèmi ni kí ẹ wò.”

N kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ìyẹn ló ya àwọn ẹgbẹ́ mi lẹ́nu jù.

Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá ti dìde, ó tẹríba kí àgbà. “Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ ti wá, kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ó ti tán.” Ó kọjú sí mi. “Ìdáyátù, kí ni òǹkọ̀wé ń fi ojú ewé mẹ́rìnlá tí tẹlifíṣọ̀n fò ṣe?”

“Sà, bàbá yẹn lè ti fẹ́ gbà á tipẹ́, kó máà mọ bó ṣe máa gbà á. Tí ọmọ bá dá wọlé, á dà bíi pé bàbá ló tẹ́. Tó bá jẹ́ àgbà ló bẹ̀ ẹ́, àgbà ló gbọ́ràn sí lẹ́nu.”

“O ti wá kà á,” ó ní.

Ó ní kí n wá yẹ bí wọ́n ṣe kọ orúkọ mi wò nínú ìwé tó máa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Orúkọ mi ló ṣìkẹta. Mo wo òkè ìwé náà, déètì ọjọ́ Ajé ló wà níbẹ̀, àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì pé. Omi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ tó ti lé mi jáde ló ti gbà mí padà. Ẹni tó máa bá mi bẹ òun ló ń retí.