Ẹsẹ̀ Bàbá Nínú Fọ́tò

Bàbá máa pé àádọ́rin ọdún lọ́la, ẹni tó fẹ́ tẹ àwòrán ńlá wọn ní Idu sì ti dá fọ́tò tí Ọláídé fi ránṣẹ́ padà. "Ó kéré jù. Ẹ wá ojúlówó rẹ̀."

Ọláídé jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé wọn l'Órózò. Inú ètò kan tó ń to fọ́tò jọ ni gbogbo fọ́tò ìdílé wà, àmọ́ ibo gan-an ló ń kó wọn pamọ́ sí? Ó ṣí fódà kan, ó bá òmíràn nínú rẹ̀. Ó ṣí ìyẹn náà, òfo!

"Àbí ó ti gbé wọn mì ni?" ló bi Láníyì àbúrò rẹ̀. Ìyẹn bú sẹ́rìn-ín. "Kai, Àǹtí mi! Ẹ tẹ fọ́tò yẹn, kẹ́ ẹ ní kó fi ojúlówó rẹ̀ hàn yín."

Ọláídé tẹ̀ ẹ́, Bàbá sì yọ gbàgàdà lójú kọ̀ǹpútà. Kóòtù àti táì lókè, pátá nísàlẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ dé orúnkún! Àṣé Màmá ti gé fọ́tò náà dé àyà, tí ètò yẹn sì rọra tọ́jú odidi rẹ̀.

Ibi tí Ọláídé ti fẹ́ sáré gé e ni Bàbá ti wọlé. Ọláídé nawọ́ kó pa á dé.

"Má pa á dé! Ọjọ́ tí mo ti bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì kúrò nínú ẹrọ̀fọ̀ l'Ábàjí nìyẹn! Àwọn yòókù ń ṣọ́ ṣòkòtò wọn, èmi bọ́ tèmi. Ta ló gé ẹsẹ̀ mi?"

"Màmá ni, sà."

"Fi odidi rẹ̀ ránṣẹ́ sí Idu. Sọ fún wọn kí ẹsẹ̀ náà tóbi dáadáa."