Ihò Keje

"Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é!"

Obìnrin náà ju bàtà ọmọ iléèwé kan sórí tábìlì, bí ẹni tó ń dá ẹja jíjẹrà padà fún ẹni tó tà á.

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ẹsẹ̀ kan lásán ni ọmọ mi fi rìn délé lánàá. Ẹ̀yin tí mo máa ń fi yangàn láàárín àdúgbò!"

Àǹtí Páálí jọ̀wọ́ okùn tó fẹ́ fi di ẹrù kan. Àwọn páálí tó fi ń gé awọ bàtà ló wà nínú ẹrù náà, láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta títí dé ti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Iṣẹ́ yìí ló sọ ọ́ ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń bọ̀ wá gbé ẹrù náà ní agogo mẹ́rin, torí oníbàárà kan wà lókè-òkun tó fẹ́ wo àwọn ìwọ̀n kéékèèké kó tó ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàtà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Láti àárọ̀ ni Àǹtí Páálí ti ń rí bàtà náà lọ́kàn, lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ tí kò mọ̀, tí wọ́n ń sáré lójú ọ̀nà tí òjò dídì bò.

"Ẹ má bínú, ìyá wa," ló wí. "Bàtà tiwa kì í já lọ́sẹ̀ méjì. Ọmọ ló máa ń dàgbà fi í sílẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ta ló tún ń lu ihò keje wálẹ̀ nínú ìlú yìí? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi! Àwa tí a ti ń ra bàtà níbí láti ayé bàbá yín, ṣé a ò mọ àmì yín mọ́ ni?"

Bàbá Alábẹ́rẹ́, tó ti ń rán bàtà nínú ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí Àǹtí Páálí, rẹ́rìn-ín lẹ́bàá fèrèsé. "Ọmọ ọ̀gá mi, ọwọ́ tẹ̀ ọ́ lónìí."

Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì mú bàtà ọ̀hún. Ihò mẹ́sàn-án ló tò sójú rẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ọmọ lẹ́sẹ̀. Mẹ́jọ wà lórí ìlà. Ìkeje nìkan ló lọ sílẹ̀ díẹ̀, bí ọmọ tó ti rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní ìdúró.

Ó mọ ihò náà bó ṣe mọ àpá orúnkún ara rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó gé páálí rẹ̀ àkọ́kọ́. Òjò ń rọ̀, ó ń wo bí omi ṣe ń ya àwòrán sára gíláàsì fèrèsé, òòlù sì yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fẹ́ ya páálí náà kí bàbá rẹ̀ tó rí i. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló ní. "Bàtà tí kò bá ní àbùkù kankan, ẹ̀rọ ló ṣe é. Èyí, wọ́n á mọ̀ pé ènìyàn ló ṣe é." Láti ọjọ́ náà, kò sí páálí kan tó gé tí ihò keje rẹ̀ kì í lọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàtà ọwọ́ rẹ̀ yìí kò ní òwú rárá. Gọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ó gbé e sí imú. Kò rùn bí awọ, òórùn bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke tuntun ló ń gbé jáde. Nínú rẹ̀, lábẹ́ ahọ́n bàtà, wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà wínníwínní kan ní èdè tí kò lè kà.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wá páálí ìwọ̀n náà láti inú àpótí, ó gbé e lé bàtà. Ó bá a mu bí ọmọrí ṣe ń bá ìkòkò rẹ̀ mu. Kódà níbi gìgísẹ̀, níbi tí ọ̀bẹ rẹ̀ ti máa ń yà díẹ̀ sí apá òsì, bàtà náà yà síbẹ̀ pẹ̀lú.

"Níbo lẹ ti rà á, ìyá wa?"

"Lẹ́bàá ibùdókọ̀ ńlá. Òkìtì rẹ̀ wà níbẹ̀ bí òkìtì iyanrìn. Ìlàjì iye tí ẹ máa ń tà á ni. Mo rò pé ẹ ti ṣàánú wa, ẹ dín owó ọjà kù ni. Mo tilẹ̀ gbàdúrà fún yín!"

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹ padà wá lọ́la, ọmọ yín á rí bàtà wọ̀."

"Ṣé ẹ wá gbà pé ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

Àǹtí Páálí wo ihò náà. "Ọwọ́ mi ló wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Ẹ̀yin pẹ̀lú àlọ́ yín," ni obìnrin náà wí, ó sì jáde lọ.

Bàbá Alábẹ́rẹ́ dìde wá. Ó yí bàtà náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni páálí jáde nínú ilé yìí rí."

"Ẹ má sọ ọ́, Bàbá."

"N kò sọ nǹkan kan."

Kò sí ìdí tó fi máa sọ ọ́. Èṣí ni ìjọba ń múra láti wọ inú àdéhùn òwò àgbáyé. Gbogbo ènìyàn ló ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè ńláńlá àti kékeré máa jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ààrẹ, ẹ̀gbọ́n Àǹtí Páálí, tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ torí pé òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn oníbàtà, wà lára àwọn aṣojú tó rin ìrìn-àjò lọ sí ìpàdé àdéhùn náà. Ó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ wọn han gbogbo ayé. Àǹtí Páálí fúnra rẹ̀ ló kó páálí àwọn ìwọ̀n ńlá fún un, pẹ̀lú bàtà mẹ́fà tó dára jù, ó sì wé wọn sínú épírọ́ọ̀nù bàbá wọn. Nígbà tó dé, ó kó gbogbo páálí náà padà wá ní pípé nínú épírọ́ọ̀nù náà. Àbúrò rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọ̀kan kò sọnù.

Lẹ́yìn náà ló pe ìpàdé ẹgbẹ́ sínú gbọ̀ngàn iléèwé. "Ilẹ̀kùn ayé ti ṣí!" ló ń wí, òógùn bò ó lójú. "Ìjọba fẹ́ gbọ́ láti ẹnu àwa oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí bàtà rẹ̀ dé òkè-òkun, kó na ọwọ́ sókè!" Gbogbo wọn nawọ́. Ọwọ́ méjèèjì ni Àǹtí Páálí nà.

Ìjọba buwọ́ lùwé. Owó ibodè lórí ẹrù òkè-òkun já wálẹ̀. Àwọn náà kó ogójì bàtà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó kọjá èbúté ọ̀hún. Wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí wá pé kò sí oró nínú gọ́ọ̀mù wọn, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè yẹ gọ́ọ̀mù wò ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ààrẹ ní kí wọ́n ní sùúrù.

Agogo mẹ́rin ò tíì lù tán tí Ààrẹ fi wọlé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi àtàtà! Ṣé ẹrù wa ti wà ní dídì? Bàbá Alábẹ́rẹ́, ẹ̀yin ò tíì fẹ̀yìn tì síbẹ̀?"

"Abẹ́rẹ́ ló ní n má tíì lọ," ni bàbá náà dáhùn láì gbójú sókè.

Ojú Ààrẹ wá bá bàtà orí tábìlì. Ẹ̀rín rẹ̀ dúró, bí rédíò tí iná lọ mọ́.

"Níbo lo ti rí ìyẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi, Bọ̀dá mi."

"Àh, àwọn èèyàn yẹn! Olè pọ̀ láyé. Wọ́n á kàn wo iṣẹ́ èèyàn láàárín ọjà, wọ́n á ṣe irú rẹ̀."

"Ẹni tó wò ó láàárín ọjà ò lè mọ ibi tí ọ̀bẹ mi ti ń yà." Ó gbé páálí lé bàtà náà lójú rẹ̀. "Ẹ wò ó."

Ààrẹ kò wò ó. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó sì nu ojú rẹ̀.

"Níbi ìpàdé ni wọ́n ti ní àwọn kàn fẹ́ yá páálí náà wò fún ọjọ́ méjì. Kọ́ńpìnnì ńlá ni. Nígbà tí wọ́n dá a padà, wọ́n ní kí n wá jẹ́ aṣojú àwọn níbí." Ó gbé ojú sókè. "Fetí sílẹ̀, jọ̀ọ́. Bàtà wọn máa wọlé, bóyá a fẹ́ tàbí a kọ̀. Bí kò bá jẹ́ èyí tó jọ tiwa, á jẹ́ èyí tó jọ ti ẹlòmíì. Mo ní ó kúkú sàn kó jẹ́ tiwa."

"Tiwa?"

"Tiwa ni! Ìwọ ni màá fi ṣe alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí. Wàá jókòó sórí àga, fáànù á máa fẹ́ sí ọ. Títí dìgbà wo lo fẹ́ máa lu òòlù, tí ẹ̀yìn ń dùn ọ́? Àwọn ìwọ̀n kéékèèké yìí ló kù. Bí wọn ò bá rí i gbà lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á wá aṣojú míì."

Á jẹ́ pé kò sí oníbàárà kankan. Kò sí ọmọ kankan lójú ọ̀nà tí òjò dídì bò.

"Ìbéèrè kan ni mo ní," ni Àǹtí Páálí wí. "Ọjọ́ tí a wà nínú gbọ̀ngàn, tí ẹ ní ká nawọ́ sókè. Ṣé ẹ ti fún wọn ní páálí mi lọ́jọ́ náà?"

Bàbá Alábẹ́rẹ́ gbé awọ tó ń rán sórí itan.

"Mo ti fún wọn," ni Ààrẹ dáhùn.

"Ọ̀rọ̀ ìwé gọ́ọ̀mù ńkọ́?"

"Wọ́n ti sọ ọ́ fún wa níbi ìpàdé. Mo rò pé ìjọba á wá nǹkan ṣe sí i."

Àǹtí Páálí rántí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lókè nínú gbọ̀ngàn, bí Ààrẹ ṣe nàka sí i láti orí pèpéle tó sì ní, "Ẹ wo àbúrò mi!"

Ààrẹ dìde, ó na ọwọ́ sí ẹrù náà. Àbúrò rẹ̀ gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Bọ̀dá mi."

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Èmi tí mo pọ̀n ọ́ lọ síléèwé nígbà tí odò kún?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ìdí tí mi ò fi bi yín ní nǹkan kan nígbà tí ẹ kó páálí dé nìyẹn."

"Ààrẹ," ni Bàbá Alábẹ́rẹ́ wí, "bàbá yín ì bá..."

"Bàbá, ẹ má dá sí i!"

"N kò dá sí i. Abẹ́rẹ́ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ààrẹ dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n bẹ òun. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Wàá pè mí. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá ra bàtà yín mọ́, wàá pè mí." Ó sì lọ.

Àǹtí Páálí tú ẹrù náà, ó dá àwọn páálí kéékèèké padà sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti àpótí náà pa. Ó wé bàtà gọ́ọ̀mù náà sínú épírọ́ọ̀nù bàbá wọn.

"Ọjọ́ wo ni ìpàdé ẹgbẹ́?" ló béèrè.

"Ọ̀túnla." Bàbá Alábẹ́rẹ́ wò ó. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni o."

"Mo mọ̀, Bàbá. Bàtà yìí ni mò ń mú lọ."

Ó wá mú páálí tuntun tí wọn kò tíì gé, ó gé e sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ obìnrin yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò. Ó lu ẹyọ kan, ó lu ìkejì, títí ó fi lu mẹ́fà. Nígbà tó kan ìkeje, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, síbi tó ti ń lọ láti ọjọ́ òjò yẹn. Ó dá a dúró. Ó gbé irin tó fi ń lu ihò sókè sórí ìlà, ó lù ú.

Bàbá Alábẹ́rẹ́ na ọrùn. "Ó mà gún."

"Ó gún, Bàbá."

Ó fà á sẹ́yìn, ó wò ó. Ihò mẹ́sàn-án tò gbọọrọ, bàtà ẹlòmíì ni ó jọ. Lọ́la, ìyá ọmọ náà á gbé bàtà tuntun sójú, á ka ihò rẹ̀, á ní, "Èyí kì í ṣe tiyín." Ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bí àmì àtijọ́ ṣe dé ọwọ́ ẹlòmíì.

Ó na ọwọ́ mú awọ.