Ègé Kọ́tìnnì Ẹlẹ́yẹ Ọ̀kín

Ràódàt nìkan ni Marufat bí láyé. Aránṣọ ni Marufat, ẹ̀yìn ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ló ń gbé. Àsìkò Sáàpù ni, tí ètò ọrọ̀-ajé ìjọba sọ náírà di yẹpẹrẹ, ìlú le koko bí ojú ẹja. Ẹni tó kọ́kọ́ wá fẹ́ Ràódàt, àwọn ẹbí rẹ̀ jókòó sórí àga tí fóòmù ti yọ ahọ́n síta, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo ara wọn, wọ́n lọ, ó di gbére. Nígbà tí Hussein, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wá sọ pé àwọn ẹbí òun ń bọ̀ wá mọlé ní Sátidé, ṣe ni Marufat yíjú sí àwọn àga náà. Bí àwọn yìí náà bá lọ tí wọn ò padà, ta ni yóò tún kan ilẹ̀kùn?

Nùrẹ́nì tó ń ta aṣọ kọ́tìnnì lọ́jà ló yọ ọ́. Marufat ló máa ń bá a rán kọ́tìnnì fún àwọn oníbàárà rẹ̀, àdéhùn wọn sì ni pé ègé tó bá ṣẹ́kù, ti aránṣọ ni. Èyí tó rán gbẹ̀yìn, aṣọ pupa rúsúrúsú ni, ẹyẹ ọ̀kín ń fẹ ìrù kiri lára rẹ̀. Ègé rẹ̀ kò pọ̀. Marufat tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gé e, ó rán an pọ̀ di èwù tìmùtìmù àga. Orí ẹyẹ bọ́ sára tìmùtìmù kan, ìrù rẹ̀ bọ́ sára òmíràn. Bó ṣe ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ló ń kọrin:

*Ẹ̀rọ mi, sáré, àlejò ń bọ̀,*
*Ọmọ mi ò ní pẹ́ nílé mi mọ́.*
*Abẹ́rẹ́ mi, jọ̀ọ́, má ṣẹ́ o,*
*Ìtìjú ni mo fẹ́ fi ọ́ bò.*

Ràódàt gbé ọ̀kan sókè. "Màámi, ẹyẹ tiwa ò mà lọ́rùn o!"

"Ta ni yóò máa wá ọrùn ẹyẹ kiri? Ìdí àna ni yóò bò ó!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn ò tún rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ilé yẹn.

Sátidé pé, àlejò dé. Àlájà Waliyat, àbúrò bàbá Hussein, ló ṣíwájú wọn, Hussein wà lẹ́yìn. Ó jókòó, ó fọwọ́ pa tìmùtìmù lórí, ó tẹjú mọ́ ẹyẹ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kú ilé o, ìyá ìyàwó. Eléyìí mà dára o! Níbo lẹ ti rí irú aṣọ yìí?"

Ká ní Marufat dáhùn pé ègé ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ṣé kó wá sọ fún àna pé pàǹtí abẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n jókòó lé? Ahọ́n rẹ̀ yọ̀.

"Mẹ́kà ni, Àlájà. Ẹ̀gbọ́n mi tó lọ Hájì ló rà á bọ̀ fún mi."

Ẹ̀rín kúrò lójú Àlájà.

"Mẹ́kà? Èmi náà lọ Mẹ́kà, mi ò rí i níbẹ̀. Ọwọ́ Nùrẹ́nì ní Akẹ̀sán níbí ni mo ti rà á, òun ló bá mi fún aránṣọ. Ó ń bẹ lójú fèrèsé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ègé kọ́tìnnì yín ni. Èmi gan-an ni mo rán an..."

"Ó ti di ègé báyìí? Ẹ̀ẹ̀kan Mẹ́kà, ẹ̀ẹ̀kan ègé!"

Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Hussein ò lè gbójú sókè. Nígbà tí wọ́n jáde, kò kí Ràódàt pé ó dàbọ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Marufat wọ́ Nùrẹ́nì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí ilé Àlájà nítòsí Sábó. Àwọn ọ̀kín ń yan lójú fèrèsé, odindi, tọrùn-tọrùn. Nùrẹ́nì dọ̀bálẹ̀.

"Àlájà, kò jalè. Èmi ni mo ní kó máa mú ègé."

"Dìde, Nùrẹ́nì. Ta ló pè é lólè? Ká ní ó sọ pé ègé ni, ǹ bá yìn ín, ǹ bá ní obìnrin yìí mọ ilé tọ́jú. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ló tì í lójú, tó fi pa irọ́ mọ́ ilẹ̀ mímọ́ níṣojú gbogbo ẹbí. Ọmọ tó wo ọwọ́ rẹ̀ dàgbà, lọ́jọ́ tí ọwọ́ ọkọ bá ṣófo, irọ́ wo ni yóò máa pa fún wa?"

Marufat wà lórí ìkúnlẹ̀. "Àlájà, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ọmọ mi níyà. Èmi ni mo purọ́. Ràódàt ò purọ́."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bàbá Hussein ti sọ̀rọ̀, ó sì ti tán."

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà sí Ọ̀yọ́, Nùrẹ́nì rọra sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ìyá Ràódàt, ẹ kàn sọ fún un pé wọ́n ṣì ń rò ó. Ẹ jẹ́ kó rí oorun sùn."



Ràódàt ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màámi, kí ni wọ́n wí?"

Irọ́ dídùn ti dé ètè Marufat. Ó gbé e mì, ó sì korò bí jogbo.

"Wọ́n ní rárá, ọmọ mi. Èmi ni mo fà á."

Ràódàt ò sunkún. Ó wọ yàrá lọ, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri. Marufat dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú. Ó pè é, ó tún un pè. Ràódàt fa aṣọ borí.