Orúkọ Tí Jàrátù Kò Fọwọ́ Kàn

Lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ mú àbúrò mi Jàrátù ní Agbamu níbí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Abdulrasaq, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kú, wá láti Ìlọrin. Ó ní Jàrátù kò mọ ènìyàn mọ́, pé òun yóò gbé e lọ sílé òun. Jàrátù di òpó ìlẹ̀kùn mú. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan kì í di òpó mú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí.

Janet ló ní kí wọ́n ṣì dúró. Ọmọ Òmù-Àrán ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá ọ̀nà ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ẹnu wọn ti kọṣẹ́. Páálí kan ló kọ́kọ́ mú wá, tí wọ́n ya omi, oúnjẹ àti ilé ìgbẹ́ sí. Oṣù mẹ́ta la fi sọ̀rọ̀ omi àti ìgbẹ́.

Mo ní, "Janet, obìnrin yìí máa ń bú ènìyàn. Ibo ni ìyẹn wà nínú páálí?"

Ó ní ibi tí àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé wọ́n ti kúrò níbẹ̀.

Ó wá gbé tábílẹ́ẹ̀tì dé. Tí ènìyàn bá tẹ àwòrán, yóò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò wà kí wọ́n tó lè fi í sílẹ̀ fún ènìyàn: kí Jàrátù tẹ àwòrán ẹni tí wọ́n bá nawọ́ sí. Janet ní níbòmíràn wọ́n ti pa irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ tì, wọ́n ní kò sẹ́ni tí kò yẹ kó ní ohùn. Ìwé ìdánwò tó mú dání kò tíì gbọ́ ìyẹn.

Jàrátù tẹ àwòrán mi. "Ẹ̀gbọ́n mi," ni ẹ̀rọ wí. Ó tẹ ọmọ rẹ̀. "Safiyyah." Janet nawọ́ sí Abdulrasaq, tó tún ti wá láti gbọ́ èsì. Jàrátù wo àwòrán rẹ̀, ó ká ọwọ́ kò. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Mo ti wí fún yín," ni Abdulrasaq wí. "Ẹ bá mi di ẹrù ìyàwó wa."

Janet mú bírò láti kọ ọ́ pé kò yege.

"Dúró ná," mo ní. "Kí ni ẹ̀rọ yẹn yóò wí tó bá tẹ̀ ẹ́?"

"Orúkọ wọn ni, mà."

"Abdulrasaq ti wà láyé kí àbúrò mi tó wọlé wọn. Ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó ilé wo lo rí tó ń pe ọkọ lórúkọ?"

"Ẹ̀rọ ló máa pè é, mà. Kì í ṣe àwọn."

"Ìka ta ló máa tẹ̀ ẹ́?"

Janet gbé bírò sílẹ̀. Kò tíì lọ́kọ.

"Kí wá ni wọ́n ń pè wọ́n?"

"Akọ̀wé. Kíláàsì kejì ló wà nígbà tí àbúrò mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò tíì mọ̀wé kà."

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀," ni Abdulrasaq wí.

Janet pa orúkọ náà rẹ́. Èmi ni mo sọ "Akọ̀wé" sínú ẹ̀rọ, torí ohùn mi jọ ti Jàrátù. Kí Janet tó bi í, ó ti tẹ̀ ẹ́.

Abdulrasaq sún mọ́ ọn. "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ bá mi lọ sí Ìlọrin?"

"Akọ̀wé," ni ẹ̀rọ wí. "Rárá."

Abdulrasaq ní òun ti gbọ́. Ó kí gbogbo wa, ó lọ sídìí mọ́tò rẹ̀. Jàrátù ṣì ń tẹ Rárá nígbà tó ń ṣí i. Mo ní ó tó.