Ọ̀dà Dúdú Lórí Páànù

3.

…nítorí òjò ni wọ́n ṣe ṣe é. Kò sẹ́ni tó ro ti oòrùn.

Páànù ń jò. Gbogbo ayálégbé ń pariwo, Munirat ló sì pariwo jù, nítorí orí ibùsùn ìyá rẹ̀ ni omi ń kán sí. Alhaji Jẹ̀lílì, onílé, bá kun gbogbo òrùlé ní ọ̀dà dúdú, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní Agége láti ayébáyé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Munirat tilẹ̀ kúnlẹ̀.

Ilé ò jò mọ́. Ó ń yan èèyàn ni.

4.

ÀKÍYÈSÍ
ÒRÙLÉ TI DÁRA.
ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ GÙN ÚN.
— Onílé

5.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọgbà. Munirat ni tíṣà jọ́gíráfì. Lórí pátákó:

oòrùn ↓ ↓ ↓
ilẹ̀ ↑ ↑ ↑

Ó ṣàlàyé fún wọn pé ojú ń rí ìmọ́lẹ̀ tí oòrùn ń rán wá, ṣùgbọ́n ojú kì í rí ooru tí ilẹ̀ ń tú padà. Ohun funfun a máa ta ìmọ́lẹ̀ dànù, ohun dúdú a sì máa gbé e mì. Bí èyí tó ń wọlé bá ju èyí tó ń jáde lọ, nǹkan náà á máa gbóná sí i, títí yóò fi máa tú u jáde bó ṣe ń gbà á.

Nusrat tó jókòó níwájú béèrè pé páànù ńkọ́, ibo ló ń tú tiẹ̀ sí?

"Sókè," ni Munirat wí, "àti—"

Ṣọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

6.

↓

7.

Abẹ́ páànù yẹn ni Àbíkẹ́, ìyá rẹ̀, ń sùn. Yàrá náà kò ní àjà. Rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá, kò lè dá dìde. Bí iná bá lọ, fáànù á dúró, ìyá á sì wà níbẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ á fi ti ibi iṣẹ́ dé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Munirat bá a, ara rẹ̀ gbóná janjan, kò làágùn, ó ń bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Dókítà ní ooru ni. Ó ní bó bá tún ṣe é, ó lè má jí.

Inú bí Munirat. Ó bí i sí Alhaji, ó bí i sí ọ̀dà, ó bí i sí orúnkún ara rẹ̀ tó fi kúnlẹ̀.

8.

MUNIRAT: Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kun òrùlé ní funfun. Èmi ni màá ra ọ̀dà.
ALHAJI: Ṣé mọ́ṣáláṣí ni?
MUNIRAT: Ìyá mi ń kú lọ, sà.
ALHAJI: Kó o gbé wọn lọ sílé àbúrò ẹ l'Ọ́mọ́lẹ̀.
MUNIRAT: Mi ò ní àbúrò l'Ọ́mọ́lẹ̀.
ALHAJI: Inú yàrá lo háyà, Tíṣà. O ò háyà òrùlé.

9.

AYÁLÉGBÉ ILÉ ALHAJI (Wasáàpù)

Yẹmí: Tíṣà, ẹ ní sùúrù. Onílé ni onílé ń jẹ́.
Olúwarótìmí: Funfun kẹ̀? Èéfín ilé iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé á sọ ọ́ di dúdú kó tó gbẹ.
Munirat: A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.
Yẹmí: 🙏

Gbogbo wọn rí i. 

10.

Ọ̀sán Sátidé. Ó gbé àkàbà ti ògiri, ó gùn ún pẹ̀lú garawa ọ̀dà funfun. Sálúbàtà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀dà dúdú, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ rìn. Ibi orí ìyá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Alhaji dé. Kò pariwo. Ó gbé àkàbà, ó tì í mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì padà wá dúró.

"Ó yá, sọ̀kalẹ̀."

 Munirat fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì kan páànù.

"Màámi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ohùn ìyá rẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀.

"Ibi orí ti ń rọ̀ mí lọ́rùn díẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kù."

11.

Ìdajì òrùlé funfun. Ìdajì dúdú. Híjáàbù Munirat dúdú.

↓ ↓ ↓

Ó tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọ garawa.